Dídákú Kì í Ṣe Ikú: Bí A Ṣe Ń Jí Láptọ́ọ̀pù Tí BIOS Rẹ̀ Bàjẹ́

Nínú gbogbo àìsàn tí ó máa ń ṣe kọ̀ǹpútà àgbélétan, èyí tí gbogbo wa ń pè ní láptọ́ọ̀pù, kò sí èyí tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì pè ní ikú tó àìsàn BIOS. Ẹ̀rọ yóò dákẹ́ lójijì. Iná ara rẹ̀ ń tàn, fáànù inú rẹ̀ ń fẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yóò ṣókùnkùn, kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Bí a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ tí kò ní sùúrù, ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé bọ́ọ̀dù ti kú. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé mi ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dákú ni, kò kú, ọ̀nà sì wà tí a fi ń jí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì bi mí pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń wá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Níbo ni a ń kó oríkì, ìtàn àti ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀ pamọ́ sí lónìí, bí kò ṣe inú láptọ́ọ̀pù?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí BIOS jẹ́. Lórí pátákó ńlá inú ẹ̀rọ, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní bọ́ọ̀dù, IC kékeré kan wà tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ó sábà máa ń ní, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Inú rẹ̀ ni a kọ àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà sí nígbàkúgbà tí a bá tàn án. Àwọn àṣẹ wọ̀nyí ni BIOS. Gary Kildall, ará Amẹ́ríkà, ni ó fún wọn ní orúkọ yìí ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ó ń ṣe ètò tí a mọ̀ sí CP/M. Orúkọ náà kò sọ iṣẹ́ wọn tó lójú tèmi. Ètò àkọ́jí ni èmi ìbá pè é. Bí ẹlòmíràn bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju èyí lọ, kí ó mú un wá kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Irú tuntun tí a ń pè ní UEFI ni ó wà nínú àwọn ẹ̀rọ òde òní, ṣùgbọ́n BIOS náà ni gbogbo ayé ṣì ń pè é.

Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnì ìtanná, ọpọlọ ẹ̀rọ kò mọ ohunkóhun. Kò mọ̀ pé òun ní ojú, kò mọ̀ pé òun ní díìsìkì, kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Windows rí. IC kékeré yìí nìkan ni ó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Òkun tí a fi ń pe àwa Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, ìkíni ni í ṣe láàárín wa, a kì í sì í bọ́ sínú ọ̀rọ̀ láìkí ara ẹni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni BIOS ṣe ń ṣe. Yóò kí RAM, yóò kí ojú ẹ̀rọ, yóò kí kíbọ́ọ̀dù, yóò kí díìsìkì. Bí wọ́n bá dá a lóhùn tán, nígbà náà ni yóò fa ẹ̀rọ lé Windows tàbí Linux lọ́wọ́. Bí ìkíni yìí kò bá wáyé, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó lè tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ jáde ní ọdún 1981, inú IC tí a kò lè pa ohun tí a kọ sí i rẹ́ ni BIOS wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ ní láti yọ IC náà. Ní àwọn ọdún 1990 ni IC tí a ń pè ní flash gbòde, èyí tí a lè pa rẹ́ kí a sì tún kọ láìtú ẹ̀rọ palẹ̀. Ìrọ̀rùn dé, ewu sì bá a dé. Chen Ing-hau, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Taiwan, kọ kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní CIH ní ọdún 1998. Nígbà tí ó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1999, kòkòrò náà jí nínú àwọn ẹ̀rọ káàkiri àgbáyé, ó ń pa iwájú díìsìkì rẹ́, ó sì ń da BIOS rú níbi tí ó bá ti lè ṣe é. Kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀tá nìkan ni ó ń fa irú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, àwọn tí ń ṣe Ubuntu ní láti dá pípín ẹ̀dà 17.10 wọn dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé ó ń ba BIOS àwọn láptọ́ọ̀pù kan jẹ́. Àṣìṣe kékeré inú ètò ni ó fà á.

Ní ilẹ̀ tiwa, iná tí ń lọ tí ń bọ̀ ti tó kòkòrò. Ìdí rẹ̀ nìyí. IC flash kì í gba kíkọ lé orí kíkọ. A ní láti kọ́kọ́ pa ojú-ìwé kan rẹ́ pátápátá kí a tó kọ tuntun sí i, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣe ń nu pátákó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn. Bí iná bá wá lọ láàárín ìparẹ́ àti ìkọ̀wé, ògiri àtijọ́ ti wó, tuntun kò tíì dìde, òjò sì dé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ tèmi nìyẹn ní Kabba, ní ìsinmi Kérésìmesì ọdún 2023. Windows fúnra rẹ̀ ni ó gbé ìsọdọ̀tun BIOS wá pẹ̀lú àwọn ìsọdọ̀tun mìíràn, bí ó ti máa ń ṣe. Ẹ̀rọ wà lórí ṣájà, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti gbó, kò lè dá gbé e ró fún ìṣẹ́jú kan. Iná lọ. Nígbà tí a fi máa tan jẹnẹrétọ̀, iná Caps Lock ni ó kàn ń ṣẹ́jú, ojú ẹ̀rọ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Inú ẹ̀rọ náà ni ohùn àwọn àgbà Owé tí mo gbà sílẹ̀ fún àpilẹ̀kọ oyè mi wà, níbi tí wọ́n ti ń dárúkọ irinṣẹ́ oko àti oríṣiríṣi iṣu ní ẹ̀ka-èdè wa. Wọ́n ti jí fóònù tí mo fi gbà wọ́n sílẹ̀ ní gáréèjì. Bàbá kan nínú wọn, ẹni tí ó mọ orúkọ àwọn iṣu tí a kò gbìn mọ́, ti kú ní oṣù kan ṣáájú. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé ẹ̀rọ lọ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí, ó ní, “Àbúrò, bọ́ọ̀dù ti lọ. Jẹ́ kí n rà á bíi síkíráàpù.”

Kí ẹnikẹ́ni tó gbà fún irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó rántí pé ọ̀tọ̀ ni ilé BIOS, ọ̀tọ̀ ni ilé díìsìkì. Iṣẹ́ tí a kó pamọ́ wà nínú díìsìkì, ìbàjẹ́ BIOS kò sì kàn án. Nítorí náà ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ fọ́máàtì ẹ̀rọ tí BIOS rẹ̀ bàjẹ́ kò mọ ibi tí àìsàn wà, ẹ gba ẹ̀rọ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bí díìsìkì bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́, ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ da iṣẹ́ yín kọ. Ìṣòro kan wà níbẹ̀ ṣá o. Ọ̀pọ̀ Windows òde òní máa ń fi àgádágodo BitLocker ti díìsìkì, kọ́kọ́rọ́ tí ó sì ń ṣí i lójoojúmọ́ ń gbé inú bọ́ọ̀dù yẹn gan-an. Bí ó ti rí ní tèmi nìyẹn. Ẹni tí ó bá ta irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ bíi síkíráàpù ti ta kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, àfi bí ó bá ní nọ́ńbà ìgbàpadà rẹ̀ níbòmíràn.

Oníṣẹ́ kejì kò jìnnà sí ọjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó jù mí lọ díẹ̀, Computer Village ní Ìkẹjà ni ó ti kọ́ṣẹ́. Kò sọ pé ohunkóhun kú. Ó yọ ṣájà, ó yọ bátìrì, ó tẹ bọ́tìnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú kí iná tí ó kù nínú ẹ̀rọ lè tán. Ó yọ RAM, ó nù ún, ó dá a padà. Ó so ojú ẹ̀rọ mìíràn mọ́ ọn. Gbogbo èyí ṣe pàtàkì, nítorí kì í ṣe gbogbo òkùnkùn ni ti BIOS. Ó wá ka iye ìgbà tí iná Caps Lock ń ṣẹ́jú kí ó tó sinmi, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni ìṣẹ́jú náà, ìwé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì máa ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó dán ọ̀nà tí kò la títú ẹ̀rọ lọ wò. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ máa ń fi apá kékeré kan sílẹ̀ nínú BIOS tí ìsọdọ̀tun kì í fọwọ́ kàn, kí ó lè wá fáìlì tuntun nínú fíláàṣì bí èyí tí ó kù bá bàjẹ́. A ó lọ sí ojú-ìwé ilé-iṣẹ́ náà láti orí ẹ̀rọ mìíràn, a ó mú fáìlì tí ó bá nọ́ńbà ẹ̀rọ wa mu gẹ́lẹ́, a ó kó o sínú fíláàṣì tí a fọ́máàtì sí FAT32, a ó sì jẹ́ kí fáìlì náà jẹ́ orúkọ tí ilé-iṣẹ́ sọ pé kí ó máa jẹ́. Lórí ọ̀pọ̀ HP, bọ́tìnì Windows àti B ni a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ pọ̀ bí a ti ń tan ẹ̀rọ. Lórí ọ̀pọ̀ Dell, Ctrl àti Esc ni a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí a ti ń ki ṣájà bọ̀ ọ́. Ojú ẹ̀rọ lè dúdú fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí á má kánjú pa á. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń jí níbí. Tèmi kò jí.

Ó ku ọ̀nà kẹta, òun sì ni ó dùn mọ́ mi jù láti wò. Ẹ̀gbọ́n náà tú ìdí ẹ̀rọ, ó yọ bátìrì ńlá, ó yọ bátìrì kékeré tí ó dà bí owó ẹyọ pẹ̀lú. Ó wá IC BIOS rí, ó ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Èyí tí ó bá ní 25Q64 nínú ń gba megabyte 8, èyí tí ó bá ní 25Q128 ń gba megabyte 16. 16 ni tèmi. Ó tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fóltì 3.3 ni IC náà ń lò tàbí 1.8, nítorí pé ẹni tí ó bá fún oní-1.8 ní 3.3 lè sun ún, ó sì ti sọ dídákú di ikú nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ó fẹ́ lò ni CH341A, kékeré kan báyìí tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ó sọ fún mi pé àwọn kan nínú irú rẹ̀ máa ń gbé fóltì 5 wọ inú okùn tí ó yẹ kí ó gbé 3.3, nítorí náà ó ti fi mítà wọn tirẹ̀ kí ó tó máa lò ó. Ó fi kílíìpù mú IC, okùn pupa sí ẹsẹ̀ kìn-ín-ní, níbi tí àmì tóótó-ń-tóó kan wà.

Ó dá mi lójú pé èmi ìbá ti kọ tuntun sí i lójú ẹsẹ̀. Òun kọ́kọ́ ka ohun tí ó wà níbẹ̀, ó tún un kà, ó fi méjèèjì wé ara wọn. Wọn kò bára mu, kílíìpù kò di ẹsẹ̀ IC mú dáadáa. Ó tún un fi sí i. Ìkà kẹta àti ìkẹrin bára mu. Nígbà tí ó ṣí i hàn mí, mo rí ibi tí ó kún fún FF, FF, FF, ojú-ìwé lẹ́yìn ojú-ìwé. Bí flash tí a pa rẹ́ ṣe máa ń rí nìyẹn. Ibi tí iná ti lọ gan-an ni mò ń wò.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé fáìlì orí fíláàṣì yẹn ni ẹ ó kọ sí i báyìí?” ni mo bi í.

Ó ní rárá, nítorí pé fáìlì ilé-iṣẹ́ kì í sábà jẹ́ odidi IC. Wọ́n máa ń wé e, nígbà mìíràn apá kan péré ni. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí ó jẹ́ ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo wà nínú IC: nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì tí ó fi ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, nọ́ńbà ìwé àṣẹ Windows rẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn da BIOS ẹ̀rọ ẹlòmíràn lé e lórí lè jí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ onílé kejì ni yóò máa jẹ́. Ó mú ara tuntun láti inú fáìlì ilé-iṣẹ́, ó fi rọ́pò ibi tí ó bàjẹ́ nínú ẹ̀dà tí ó kà jáde, ó fi ibi tí orúkọ wà sílẹ̀ bí ó ti wà. Ètò ọ̀fẹ́ kan tí ń jẹ́ flashrom ni ó fi kọ ọ́ padà; ètò náà sì tún kà á lẹ́yìn ìkọ̀wé láti rí i pé ó pé.

A tàn án. Ojú dúdú fún bí ìṣẹ́jú kan, ó pa ara rẹ̀, ó tún tan ara rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rù bí ẹ bá rí èyí; ó ń tún RAM kí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni àmì ilé-iṣẹ́ jáde, tí BitLocker sì béèrè nọ́ńbà 48, nítorí pé BIOS tí ó mọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn, ẹni tí ó fún mi ní ẹ̀rọ náà, ni ó ṣí àkáǹtì Microsoft rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ó fi wá ọ̀rọ̀ aṣínà àkáǹtì náà kí ó tó ka nọ́ńbà náà fún mi lórí fóònù, mẹ́fà mẹ́fà. Bí Windows ti ṣí, ohùn bàbá oníṣu yẹn ni mo kọ́kọ́ tẹ̀.

Bátìrì tuntun ti wà nínú ẹ̀rọ náà báyìí. Mo sì ti wọ inú ètò BIOS fúnra rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti gbà wá láàyè láti dá Windows lẹ́kun kí ó má ṣe sọ BIOS dọ̀tun láìbéèrè; mo pa ààyè yẹn. Ẹ̀dà IC tí ẹ̀gbọ́n náà kà jáde lẹ́yìn tí ẹ̀rọ jí wà lọ́wọ́ mi nínú fíláàṣì kan àti lórí fóònù mi. Megabyte 16 péré ni.