Ilẹ̀ Tó Ń Yọ̀: Bí A Ṣe Lè Dènà Ìṣubú Nínú Àgbàlá Wa

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo fẹ́ kí a wo iwájú, kí a wo ẹ̀yìn, kí a má sì ṣubú rárá. Bí òjò bá ti dé, ẹ mọ bí àgbàlá àwọn ilé tí a ń gbé ní Choba, Alakahia àti Diobu ṣe máa ń rí: a máa yọ̀ bí ilá. Láti àárọ̀ di alẹ́, "Ẹ rọra o, ilẹ̀ ń yọ̀!" kì í kúrò lẹ́nu wa. Ìkìlọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló ń kìlọ̀ fún. Kò ṣe ilẹ̀ ní nǹkan kan.

Kí ló ń mú kí ilẹ̀ yọ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé omi ni. Omi nìkan kọ́. Bí a bá da omi sí orí sìmẹ́ǹtì tó mọ́, tí ara rẹ̀ kò dán, ẹsẹ̀ ṣì máa ń dúró níbẹ̀. Ohun tó ń gbé ni ṣubú ni nǹkan aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ọbẹdò ni àwọn àgbà ń pè é. Algae ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Omi àti ìmọ́lẹ̀ ló fi ń dàgbà, ó sì fẹ́ràn ibòòji. Ó máa ń sun oje kan tó ń fà bí ewédú, oje yìí sì ni ẹsẹ̀ máa ń yọ̀ lé. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́, ẹ má ṣe rò pé ó ti kú tán. Bí òjò bá tún rọ̀, yóò jí padà.

Òjò tó ń rọ̀ ní Port Harcourt lọ́dún lé ní mìlímítà 2,000. Ti Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bí 1,300. Oṣù tí òjò kì í rọ̀ rárá ṣọ̀wọ́n níbí. Ilẹ̀ ìlú náà tẹ́jú, omi kì í tètè ṣàn lọ, àwọn ilé fún mọ́ra, ògiri gíga sì ń dí oòrùn. Abájọ tí ọbẹdò fi rí ibùgbé!

Ẹ̀kọ́ lára àwọn tó ń gbé ní ìlú òtútù

Àwọn ará wa tó wà ní London àti Chicago náà ń bá ilẹ̀ yíyọ̀ jà, ṣùgbọ́n omi dídì ni tiwọn. Kí òjò dídì tó bo iwájú ilé ni ọlọ́gbọ́n ti ń da iyọ̀ síbẹ̀, nítorí omi oníyọ̀ kì í tètè dì. Iyọ̀ kọ́ ni kí a yá lọ́wọ́ wọn, torí ó ń mú kí irin inú kọnkéré dípẹtà, ó sì ń pa ohun ọ̀gbìn. Ohun tí a lè kọ́ ni pé kí ilẹ̀ tó yọ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe

1. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wá. Ṣé òṣọ̀ọ̀rọ̀ ni, àbí táǹkì tó ń kún àkúnwọ́sílẹ̀, àbí omi ẹ̀rọ amúlétutù? Ẹ la ọ̀nà fún un sínú gọ́tà.

2. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó ṣíji bo ilẹ̀, kí ẹ sì kó àwọn agbada àti pákó àtijọ́ kúrò, kí oòrùn lè ráyè wọlé.

3. Ẹ fọ ilẹ̀ náà. Ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 10, ẹ dà á sílẹ̀, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́, kí ẹ sì ṣan án. Ẹ má jẹ́ kó ṣàn sínú kànga. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe po bílíìṣì mọ́ oògùn olómi tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́ láéláé: èéfín olóró ni yóò jáde, ó sì lè pa ènìyàn.

4. Bí onílé bá fẹ́ da sìmẹ́ǹtì tuntun, kí ó jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà 1. Kí bíríkìlà fi ìgbálẹ̀ wọ́ ojú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí ara rẹ̀ lè rí ṣákaṣàka. Táìsì dídán kò yẹ ní ìta gbangba.

5. Bí kò bá sí àyè láti fọ̀ ọ́ lónìí, ẹ wọ́n yanrìn líle sí i. Ẹ má da ọ́ìlì mọ́tò sílẹ̀. Òun gan-an ń yọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ni ìyà ń jẹ?

Bí ọ̀dọ́ bá ṣubú, ó lè dìde, kó gbọn aṣọ, kó sì rẹ́rìn-ín. Ti àgbàlagbà kò rí bẹ́ẹ̀. Egungun ìgbáròkó tó kán lè sọ ìyá àgbà di ẹni tí a ń gbé dìde, tí a ń gbé jókòó. Ìyá alákàrà kan ní àdúgbò wa yọ̀ ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi ní ìdájí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán, fún oṣù méjì ni iná kò fi jó lábẹ́ agbada rẹ̀. Ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ni agbada yẹn ń san.

Nítorí náà, kí àwa ayálégbé má ṣe sọ pé ti onílé ni ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dá owó bílíìṣì àti búrọ́ọ̀ṣì jọ, kí a sì yan Sátidé kan lóṣooṣù. Láàárín December sí February ni kí a ti tún gọ́tà àti sìmẹ́ǹtì ṣe. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun.