Bogẹnfílíà: Ìtàkùn Olódòdó Ẹlẹ́gùn-ún àti Ojúṣe Ẹni tí ó Gbìn Ín

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní ìpínlẹ̀ wa, ojú mọ bogẹnfílíà, bí ẹnu kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni ìtàkùn ẹlẹ́gùn-ún tí ó máa ń gun ògiri ọgbà, tí àwọ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ pupa, àlùkò tàbí funfun, máa ń tàn yanran nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ. Ó ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ẹ̀gún rẹ̀ sì ń dí olè lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún kan náà lè ṣe ọmọ aládùúgbò léṣe. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ bí a ṣe ń gbìn ín àti bí a ṣe ń ṣọ́ ọ.

Ibi tí ó ti wá

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1767, Philibert Commerson, onímọ̀ ewéko ará Faransé, rí i ní Rio de Janeiro ní ilẹ̀ Bràsíl, nígbà tí ó ń bá Louis Antoine de Bougainville rìnrìn àjò ojú omi yí ayé ká. Orúkọ Bougainville ni wọ́n fi sọ ọ́. Ohun aláwọ̀ mèremère tí à ń rí lára rẹ̀ kì í ṣe òdòdó gan-an, ewé ni. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó sì máa ń wà ní mẹ́ta-mẹ́ta láàárín àwọn ewé náà.

Bí a ṣe ń gbìn ín

Bí a ti ń gé igi ẹ̀gẹ́ gbìn ni a ń gé ẹ̀ka bogẹnfílíà. Ẹ gé ẹ̀ka tí ó ti gbó díẹ̀, tí ó nípọn tó pẹ́ńsùlù, tí ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ já ewé rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì ri oríkèé méjì bọ inú iyẹ̀pẹ̀ tí a pò mọ́ yanrìn. Ẹ fi í sí ibòòji títí yóò fi ta gbòǹgbò. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 12.

Gbòǹgbò rẹ̀ kì í le. Nígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́, ẹ ya ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ má sì gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù. Ibi tí oòrùn ti ń ràn fún ó kéré tán wákàtí 6 lójúmọ́, tí omi kì í dúró sí, ni ó dára jù.

Ìdí tí tiyín fi ń rúwé láìyọ òdòdó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ráhùn lórí èyí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìkẹ́ àkẹ́jù ló fà á: omi pọ̀ jù, tàbí ìgbẹ́ adìẹ pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Nígbà mìíràn, ibòòji ni. Nígbà tí ó bá ti múlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún bomi rin ín. Orí ẹ̀ka tuntun ni ó ti ń yọ òdòdó. Nítorí náà, ẹ máa gé e lẹ́yìn tí òdòdó bá ti rẹ̀.

Ojúṣe onílé

Àwọn àgbà ní ẹni tí ẹ̀gún gún ni í ṣe lákáǹlàkà tọ alábẹ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún ara ògiri kì í sábà gún ẹni tí ó gbìn ín. Ẹni tí ń kọjá lọ ni í gún. Nítorí náà:

• Ẹ gé gbogbo ẹ̀ka tí ó bá yọ sí ojú ọ̀nà, pàápàá èyí tí ó bá ojú ọmọdé dọ́gba.
• Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn àti bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gé e.
• Ẹ má ṣe da ẹ̀ka tí ẹ gé sínú gọ́tà. Yóò dí ọ̀nà omi òjò, àgbàrá yóò sì ya wọ ilé.
• Bí ẹ̀ka bá ti kan wáyà iná mànàmáná, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ ké sí ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná ní àdúgbò yín.
• Bí ẹ̀gún bá gún ènìyàn, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ojú ọgbẹ́ náà, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn láti bèèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ipá.