Owó Amẹ́ríkà fún ìjọba tiwa-n-tiwa: ọwọ́ ta ló ń lékè?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Nínú owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ wa ní Amẹ́ríkà níbí, díẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń padà lọ sílé láti fi ti àwọn tó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa lẹ́yìn. National Endowment for Democracy, tí wọ́n ń pè ní NED, wà lára àwọn tó ń pín in. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1983, nígbà ìjọba Ronald Reagan. Lórí ìwé, ẹgbẹ́ aládàáni ni. Ṣùgbọ́n ilé aṣòfin ní Washington ló ń bọ́ ọ: mílíọ̀nù 315 dọ́là ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nínú ìṣúná 2024.

Kí ló dé tí ìjọba ò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ná owó rẹ̀? Ìtàn ọ̀rọ̀ náà kan Ìbàdàn. Ní 1961, Ulli Beier, Wole Soyinka, Chinua Achebe àtàwọn ẹgbẹ́ wọn dá Mbari Club sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán. Congress for Cultural Freedom, tó fìdí kalẹ̀ sí Paris, fún wọn lówó. Láàárín 1966 sí 1967, àṣírí tú: CIA, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ló ń bọ́ àjọ náà lábẹ́lẹ̀! Soyinka fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn ò mọ̀. Iṣẹ́ Mbari dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jẹ oúnjẹ ẹni tí kò mọ̀?

Irú ìtìjú yẹn ni NED wá bá wọn bò: kí owó máa jáde ní gbangba. Allen Weinstein, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, sọ fún ìwé ìròyìn Washington Post ní 1991 pé ọ̀pọ̀ ohun táwọn ń ṣe ni CIA ti ń ṣe ní kọ̀rọ̀ ní ọdún 25 ṣáájú.

Ká má purọ́, owó náà wúlò fún wa. Nígbà ayé Abacha, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ bíi Civil Liberties Organisation ní Èkó, tó ń gbèjà àwọn tí ológun tì mọ́lé. NDI, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka NED, àti Carter Center jọ wo ìbò 1999, Jimmy Carter sì kọ̀wé pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èsì ìbò ààrẹ. Ní 2007, NDI ní ètò ìbò ọ̀hún já àwọn ọmọ Nàìjíríà kulẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń fúnni ló ń lékè. Rọ́ṣíà lé NED jáde ní 2015, ó ní ó ń tojú bọ ọ̀rọ̀ òun. Ẹ lè sọ pé alágbára tó ń bẹ̀rù aráàlú rẹ̀ ni. Òótọ́ ni. Àmọ́ òfin Amẹ́ríkà pàápàá ò gbà kí ìjọba òkèèrè dáwó fún olùdíje níbí.

Ewu tó tún wà níbẹ̀ hàn ní 2025. Ìjọba Donald Trump dá owó NED dúró, NDI sì ní kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. NED pe ìjọba lẹ́jọ́ lóṣù kẹta. Lóṣù kẹjọ, adájọ́ ní kí wọ́n tú owó tó há sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó gbára lé owó yẹn nìkan ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kí ni yóò fi san owó ilé láàárín oṣù wọ̀nyẹn?

Àwa ńkọ́? A ń ra aṣọ ẹbí, à ń dáwó òkú, à ń dáwó ìsọmọlórúkọ. Mélòó nínú wa ló ti dáwó rí fún ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ àpótí ìbò ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n bí wa sí? Àjèjì ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú yín tó ń bọ̀, ẹ dá a lábàá. Ogún dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan kì í ṣe púpọ̀, kò sì sí ààrẹ ilẹ̀ òkèèrè tó lè dá a dúró.