Ọ̀wẹ̀ Tí Olóko Rẹ̀ Ti Kú: Àlejò Lórí Ọkọ̀ Ojú Irin Talyllyn

Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ bẹ ọ̀wẹ̀ mọ̀ pé òun ní láti wá nǹkan sílẹ̀. Kí àwọn àna, ọ̀rẹ́ àti ìbátan tó dé oko, iyán ti ní láti wà nínú odó, ẹmu ti ní láti wà nínú akèrègbè. Kò sí ẹni tí í bẹ ènìyàn lọ́wẹ̀ kí ó tún ní kí wọ́n mú owó lọ́wọ́ wá. Ṣùgbọ́n ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Tywyn, ní etí òkun ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Wales, irú ọ̀wẹ̀ kan wà tí kò bá èyí mu rárá. Àwọn ará ọ̀wẹ̀ ibẹ̀ ń dá owó ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Wọ́n ń ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n ń ko èédú, wọ́n ń ro ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń fọ ilé ìyàgbẹ́, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń ṣe gbogbo rẹ̀ sí. Talyllyn ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ní àgbáyé tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ ìparun, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn mú rìn láti ọdún 1951.

Òkúta ni ó bí ọkọ̀ náà. Lórí òkè Bryn Eglwys, àwọn awakùsà a máa wa irú òkúta dúdú kan tí ó ṣeé là pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bí ojú ewé ìwé, èyí tí wọ́n fi ń bo òrùlé ilé. Ní ọdún 1865 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi àṣẹ sí ọ̀nà irin náà, nígbà tí ó sì di 1866, ó ti ń gbé èrò pẹ̀lú òkúta. Sir Henry Haydn Jones, ẹni tí ó jẹ́ aṣòfin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ra ibi ìwakùsà náà àti ọ̀nà irin rẹ̀ ní 1911. Ní ìparí ọdún 1946, apá kan ibi ìwakùsà náà wó, wọ́n sì tì í pa. Òkúta tán, ẹrù tán, ṣùgbọ́n baba àgbàlagbà náà ti ṣèlérí pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí òun bá wà, ọkọ̀ náà yóò máa rìn. Ó sì ń rìn lóòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àdánù ni, tí àwọn igi abẹ́ irin ti jẹrà, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé koríko ni ó di irin mú kí ó má yẹ̀. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Brítéènì gba àwọn ọkọ̀ ojú irin sí abẹ́ àkóso ara rẹ̀ ní 1948, wọn kò mú ti Talyllyn mọ́ ọn. Ní oṣù Keje ọdún 1950, Sir Haydn kú.

Níbi tí ó yẹ kí ìtàn parí sí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Òǹkọ̀wé kan, L. T. C. Rolt, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pe ìpàdé ní ìlú Birmingham ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Wọ́n bèèrè bóyá a lè rí àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ láìgbowó kí ọkọ̀ náà má baà kú. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìyàtọ̀ kan tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní kì í sáábà ṣe mọ́. Àáró ni èyí tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣe fún ara wọn ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ọ̀wẹ̀ ni ti ẹni tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, tí ó ké sí àwọn ènìyàn rẹ̀, tí kò sì jẹ wọ́n ní ju oúnjẹ àti ọpẹ́ lọ. Ti Tywyn kì í ṣe àáró, nítorí kò sí ẹni tí ó ní ọkọ̀ ojú irin mìíràn nílé tí wọn yóò wá bá a tún ṣe. Ọ̀wẹ̀ ni, ṣùgbọ́n olóko ti kú kí a tó bẹ̀ ẹ́. Opó Sir Haydn gbà kí wọ́n gba ọ̀nà irin náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún 1951, ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́ gbéra. Ẹ̀ńjìnnì kan ṣoṣo ni ó lè rìn nígbà náà, Dolgoch, tí wọ́n ti ṣe láti 1866. Wọ́n ra méjì mìíràn láti ọ̀nà irin Corris tí ó ti kógbá sílé nítòsí, pọ́n-ùn 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Sir Haydn ni wọ́n sọ ọ̀kan. Èkejì ni wọ́n fi sọrí Edward Thomas tí ó jẹ́ máníjà rẹ̀.

Báyìí ni àlejò ṣe ń bá nǹkan nínú iṣẹ́ títí di òní. Ohun àkọ́kọ́ tí ń ya ènìyàn lẹ́nu ni bí ó ti kéré. Ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ ọ̀nà irin àtijọ́ tí ó gba Ìbàdàn àti Ọ̀ṣogbo kọjá mọ̀ pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀ ni ó wà láàrin irin méjèèjì. Ti Talyllyn kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ínṣì mẹ́ta lọ. Àgbàlagbà tí ó bá wọ inú kọ́ọ̀ṣì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orúnkún kan orúnkún ẹni tí ó jókòó kọjú sí i, kò sì sí bí wọn kò ti ní kí ara wọn. Bóyá èyí wà lára ohun tí ó mú kí inú àwọn èrò dùn. Nínú ọkọ̀ ńlá, olúkúlùkù a máa wo fèrèsé tirẹ̀.

Kété tí àlejò bá jókòó ni yóò ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ilẹ̀kùn ti ń ṣí. Wọ́n ti dí ti ẹ̀gbẹ́ kejì pa. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa béèrè ìdí rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì dára láti gbọ́. Nígbà tí aṣojú ìjọba, Captain Tyler, wá yẹ ọ̀nà náà wò ní 1866, ó rí i pé àwọn tí ó mọ afárá ti ṣe é tóóró jù. Ààyè tí ó wà láàrin ara kọ́ọ̀ṣì àti ògiri afárá kò tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, bẹ́ẹ̀ ni òfin béèrè fún méjì àti ààbọ̀. Bí èrò kan bá ṣí ilẹ̀kùn lábẹ́ afárá, ó di pé ògiri gbá a. Dípò kí wọ́n wó gbogbo afárá, wọ́n ti irin sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì pa títí láé. Àṣìṣe ọdún 1866 ni àlejò òde òní ń gbà sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀nà náà jẹ́ máìlì méje àti ìdámẹ́rin. Ó máa ń gba nǹkan bí wákàtí kan láti gùn ún dé òkè, nítorí náà kí ẹni tí ó bá ń kánjú má ṣe wọ̀ ọ́. Àfonífojì ni ó ń tọ̀, àgùntàn lọ́tùn-ún, àgùntàn lósì, òjò sì lè dé nígbàkúùgbà, nítorí ilẹ̀ Wales kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn bí a ti mọ̀ ọ́n. Òórùn èédú àti òróró gbígbóná a máa wọ inú aṣọ, ẹni tí ó bá yọ orí lójú fèrèsé lè gba ẹ̀ta eérú sójú. Ìjókòó àwọn kọ́ọ̀ṣì àtijọ́ le, wọn kì í sì í ṣe àwòṣe: kọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àti ti gáàdì ṣì wà níbẹ̀ pérépéré.

Ohun kan wà tí àwọn tí ó bá mọ ìlò àrokò yóò gbádùn jù lọ. Irin ẹyọ kan ni ọkọ̀ tí ń lọ àti ọkọ̀ tí ń bọ̀ jọ ń lò, wọn a sì máa pàdé ní ìkòríta tí a ti là sílẹ̀ fún wọn. Kí méjèèjì má baà forí sọ ara wọn, a ti pín ọ̀nà náà sí ìpín-ìpín, ìpín kọ̀ọ̀kan sì ní àmì àṣẹ tirẹ̀ tí a fi irin ṣe, tí ó ṣeé dì mú lọ́wọ́. Awakọ̀ tí kò bá ní àmì náà lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ sún, ọ̀nà ìbáà dá, kí ó sì mọ́lẹ̀ kedere. Níbi tí ọkọ̀ bá dúró, àlejò yóò rí òṣìṣẹ́ kan tí ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ńjìnnì, tí ó na àmì náà sí awakọ̀, tí àwọn méjèèjì sì wò ó dáadáa kí wọ́n tó jùmọ̀ fi í sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé adájọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ẹni tí ó nà án, kí ó sì jẹ́ pé ọmọ ilé-ìwé gíga ni ẹni tí ó gbà á. Ipò wọn nílé kò já mọ́ nǹkan níbẹ̀. Ẹni tí ó ti ṣe ìdánwò yege nínú iṣẹ́ náà ni ọ̀gá.

Ní Dolgoch, ọkọ̀ kọjá lórí afárá gíga kan tí ó ní ẹnu mẹ́ta. Ẹ̀ńjìnnì a máa mu omi níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò a sì sọ̀kalẹ̀ láti lọ wo omi tí ń já láti orí àpáta. Lẹ́yìn Dolgoch ni Abergynolwyn. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ àwọn èrò ń dópin sí tẹ́lẹ̀, títí àwọn ará ọ̀wẹ̀ fi la irin dé Nant Gwernol ní 1976. Nant Gwernol kò ní ọ̀nà mọ́tò kankan. Bí kì í bá ṣe ọkọ̀ ojú irin, ẹsẹ̀ ni. Ìgbà tí ẹ̀ńjìnnì bá ń yí lọ sí orí kejì ọkọ̀, ìdákẹ́rọ́rọ́ igbó náà a máa mú kí èrò sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Talyllyn, ní èdè Wales, túmọ̀ sí ìpẹ̀kun adágún omi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò dé ibi adágún rárá. Orúkọ àdúgbò ni wọ́n fi pè é, kí àlejò má ṣe wá omi kiri.

Ìgbádùn àwọn àlejò àtijọ́ tilẹ̀ ju èyí lọ, bí a bá lè pè é ní ìgbádùn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹgbẹ́ ènìyàn kan lè háyà ọmọlanke òkúta, kí wọ́n gbé e sílẹ̀ fún wọn ní Abergynolwyn, kí wọ́n sì jókòó sínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè máa gbé wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Tywyn láìsí ẹ̀ńjìnnì. Jàǹbá kan ni ó fòpin sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá jù lóde òní ní ìdíje tiwọn: láti 1984 ni àwọn asáré ti ń bá ọkọ̀ náà díje lóṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, àwọn kan sì máa ń dé kí ọkọ̀ tó dé.

Ọ̀pọ̀ ọmọdé tí ń wá ni ó jẹ́ pé wọ́n ti mọ ọkọ̀ náà kí wọ́n tó rí i. Àlùfáà Wilbert Awdry, tí ó kọ ìtàn àwọn ẹ̀ńjìnnì tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, wá ṣe gáàdì níbẹ̀ ní 1952. Ní ọjọ́ kan ó fọn fèrè, ó ju àsíá, ọkọ̀ gbéra, ó sì ti gbàgbé obìnrin tí ń ta tíì sẹ́yìn. Ó fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà sínú ìwé tí ó gbé jáde ní 1955, nínú èyí tí Talyllyn ti di Skarloey, tí Dolgoch sì di Rheneas. Òǹkọ̀wé ńlá ni, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà, gáàdì tí ó ṣe àṣìṣe ni. Ọ̀wẹ̀ kì í wo ojú.

Èyí gan-an ni ohun tí àlejò ń rí tí kò sí nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ti tún Jaekel House ṣe, ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ó ti wà láti 1898, wọ́n sì kó àwòrán àti ohun èlò àtijọ́ sí i. Iṣẹ́ ọpẹ́ ni. Síbẹ̀, ohun tí a lè tọ́jú sínú ilé ni nǹkan. Bí a ti ń ṣe nǹkan kò ṣeé gbé sórí pẹpẹ. Bí èédú ti ń pọ̀ tó nínú iná kí ọkọ̀ tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, irú ìró tí omi ń ṣe nígbà tí ó bá kù díẹ̀, bí a ti ń fi òòlù kan irin láti mọ̀ bóyá ó sán, ọwọ́ ni ó ń gbà á lọ́wọ́ ọwọ́. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ní 1951 ti ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rolt fúnra rẹ̀ kú ní 1974, ẹ̀ńjìnnì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1991 ni ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Láàrin àwọn àlejò ni wọ́n ti ń rí arọ́pò. Ọmọ tí ó wá pẹ̀lú ìyá rẹ̀ láti wo Skarloey ni ó ń padà wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́, ìgbálẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un, kì í ṣe ìdarí ẹ̀ńjìnnì. Ìdí nìyí tí àwọn ará ọ̀wẹ̀ kì í fi í lé ọmọdé tí ń béèrè ọ̀rọ̀ sẹ́yìn, àní nígbà tí ọwọ́ wọn bá dí.

Lóòótọ́, owó tí àlejò ń san ni ó ń ra èédú, èédú sì ti di ìṣòro. Ibi ìwakùsà Ffos-y-fran ní gúúsù Wales, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ti ń rà, dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní 2023. Ó di dandan kí àwọn tí ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ju 150 lọ ní ilẹ̀ Brítéènì nísinsìnyí, máa wá èédú láti òkè òkun, tàbí kí wọ́n dán oríṣi mìíràn wò tí a pò pọ̀. Iná rẹ̀ kì í jó bákan náà, ẹni tí ó ti fi ogún ọdún kọ́ bí a ti ń ko èédú Wales sí iná ní láti tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ́.

Kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbéra lówùúrọ̀, ẹ̀ńjìnnì ti ní láti wà lórí iná fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí àwọn èrò bá sì ti sọ̀kalẹ̀ ní Tywyn ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń wá ọ̀nà ilé oúnjẹ, ẹnìkan a ṣì wà lábẹ́ ẹ̀ńjìnnì tí ń ko eérú jáde. Àwọn àlejò kan a máa dúró lẹ́bàá ọgbà wò ó, títí wọn yóò fi ti ilẹ̀kùn.