Ètò Sinimá Kúkúrú Nípa Ẹni tí Ń Dọdẹ Ẹlòmíràn

Ìtàn ẹni tí ń dọdẹ ọmọnìkejì rẹ̀ kiri a máa wu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe sinimá fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé kò gba owó púpọ̀. Òṣèré méjì, ọ̀nà kan, yàrá kan àti kámẹ́rà kan tó o. Ṣùgbọ́n bí a kò bá la ìtàn náà sílẹ̀ lórí ìwé ṣáájú, ariwo àti eré sísá nìkan ni òǹwòran yóò rí. Ẹ̀rù kò ní bà á.

Ohun kìíní tí ó yẹ kí a pinnu ni ẹni tí ó mọ ewu tí ń bọ̀. Alfred Hitchcock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé èyí fún François Truffaut ní ọdún 1962. Ó ní bí àdó olóró tí ó wà lábẹ́ tábìlì bá ṣàdédé bú gbàmù, ìjayà ìṣẹ́jú àáyá 15 ni òǹwòran yóò ní. Ṣùgbọ́n bí òǹwòran bá ti mọ̀ pé àdó wà níbẹ̀, tí àwọn tí ó jókòó kò sì mọ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Nítorí náà, kí òǹwòran kọ́kọ́ rí ẹni tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, kí ọmọbìnrin tí ń ti ilé ìkàwé bọ̀ tó rí i.

Ohun kejì ni àmì. Nínú M, tí Fritz Lang ṣe ní Jámánì ní ọdún 1931, òjìji apànìyàn ni a kọ́kọ́ rí, lára ìwé ìkéde. Orin kan tí ó máa ń fi súfèé ni afọ́jú kan sì fi dá a mọ̀. Nínú Duel, tí Steven Spielberg ṣe ní ọdún 1971, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń lé ọkùnrin kan kiri lójú ọ̀nà aṣálẹ̀ California, a kò sì rí ojú awakọ̀ náà títí eré fi parí. Àwọn àgbà ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Nínú irú eré yìí, ojú tí a kò rí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: ẹ̀yìn ta ni a wà? Láàárín wa, a máa ń yin ọkùnrin tí kò jẹ́ kí ó rẹ òun nídìí obìnrin. Nítorí èyí, ó rọrùn kí sinimá sọ ìdọdẹ di ìfẹ́. Ṣùgbọ́n òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 láti dènà ìwà ipá sí ènìyàn ka irú ìwà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Kí ọmọbìnrin náà wí ní gbangba pé òun kò fẹ́. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀bùn gbogbo di ìhalẹ̀. Kí kámẹ́rà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí a rí ohun tí ó ń pàdánù: ọ̀nà tí kò gbà mọ́, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ó pa tì, oorun tí kò sùn.

Ní ti ètò, ojú ìwé kan a máa tó ìṣẹ́jú kan. Ìtàn ojú ìwé mẹ́jọ tó. A lè pín in sí márùn-ún: ìgbé ayé rẹ̀ ojoojúmọ́, àmì àkọ́kọ́, àmì náà níbi tí kò yẹ kí ó wà, ìgbà tí ó sọ ọ́ tí a kò gbà á gbọ́, àti ìfojúkojú. Kí a lọ wo ibi tí a ó lò ní wákàtí náà gan-an, kí a mọ ìmọ́lẹ̀ àti ariwo rẹ̀. Kí a sọ fún àwọn ọlọ́dẹ àti ará àdúgbò, kí wọ́n má baà lu òṣèré wa bí olè. Kí a sì bá àwọn òṣèré fohùn ṣọ̀kan, kí a tó bẹ̀rẹ̀, lórí ibi tí ọwọ́ lè kàn àti ibi tí kò gbọdọ̀ kàn.

Eré náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí òǹwòran bá délé, tí ó sì gba ẹni tí ó wí fún un pé, “Ẹnìkan ń tẹ̀lé mi,” gbọ́.