Iṣẹ́ Ẹrú, Ìjẹ́ Ọmọ: Bí A Ṣe Ń Múra fún Ìdánwò DALF C1 ní Kétu

Ní Kétu, èdè Faransé kì í ṣe àlejò mọ́. Àdéhùn ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889 ló ya àwa àti àwọn ará wa ní Ìmẹ̀kọ sọ́tọ̀: tiwọn di Gẹ̀ẹ́sì, tiwa di Faransé. Nítorí náà mo rò pé ẹni tó ti fi Faransé gba BAC kò ní ohun tí yóò bẹ̀rù nínú ìdánwò Faransé kankan. Mo ṣe DALF C1, mo gba 58 nínú 100, mo sì fìdí rẹmi. Lọ́dún náà, àyè tí mo ń wá láti kàwé sí i bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lónìí mo ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́ láti múra. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀ mí.

DALF jẹ́ ìwé-ẹ̀rí ìjìnlẹ̀ èdè Faransé tí ìjọba ilẹ̀ Faransé ń fúnni. France Éducation international, tó wà ní Sèvres, ló ń bójú tó o. Ó ní ìpele méjì, C1 àti C2, tí í ṣe méjì tó ga jù nínú ìpele mẹ́fà tí Yúróòpù fi ń wọn ìmọ̀ èdè. Ẹni tó bá gbà á, tirẹ̀ ni títí ayé. Ti TCF kì í ju ọdún 2 lọ. C1 ní apá mẹ́rin: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ. Máàkì 25 ni fún apá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba 50 lápapọ̀ ló yege, ṣùgbọ́n bí ó bá gba ohun tó kéré sí 5 ní apá kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ti dànù. Èmi gba 4 níbi kíkọ.

Wákàtí 2 àti ààbọ̀ ni wọ́n ń fúnni fún kíkọ, iṣẹ́ méjì ló sì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni synthèse: a ó ka ìwé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó sì kó ohun tí wọ́n sọ jọ sí ọ̀rọ̀ 200 sí 240. Ìkejì ni àròkọ tí a fi ń gbèjà èrò tiwa, tí kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 250.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí ni mo fi ń kọ́ni ní synthèse. Ọmọ a máa tún ọ̀rọ̀ ṣe kó tó jẹ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í fi iṣẹ́ tirẹ̀ kún iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni: a kò gbọdọ̀ da gbólóhùn ìwé náà kọ, a kò sì gbọdọ̀ fi èrò tiwa tàbí ohun tí a gbọ́ níbòmíràn kún un.

Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọdún 2017 Bẹ̀nẹ̀ ṣòfin lòdì sí àpò ọ̀rá tí kì í jẹrà. Ká ní ìwé kan sọ pé ọ̀rá ń ba oko jẹ́, tí èkejì sì sọ pé òfin náà ń ni àwọn ìyá ọlọ́jà lára. Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ sí ni: «Ìwé kìíní sọ báyìí, ìwé kejì sọ báyìí, èmi rò pé…». Àṣìṣe méjì nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó so wọ́n pọ̀: gbogbo wọn gbà pé ọ̀rá ń pa ilẹ̀ lára, ṣùgbọ́n wọn kò fẹnu kò lórí ẹni tí yóò san owó àtúnṣe. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi certes, or àti en revanche ló ń ṣe ìsopọ̀ yìí ní Faransé. Èrò tiwa ń dúró de àròkọ.

Àṣìṣe mi kẹta ni àkókò. Synthèse jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ìlà mẹ́ta péré ni mo kọ nínú àròkọ tí aago fi lù. Nísinsìnyí ìṣẹ́jú 80 ni mo ń yàn fún synthèse, 60 fún àròkọ, 10 fún àyẹ̀wò. A tún gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ kà: ohunkóhun tó wà láàárín àlàfo méjì, ẹyọ kan ni. C'est-à-dire jẹ́ ẹyọ kan, un bon sujet jẹ́ mẹ́ta.

Nígbà tí mo padà lọ, n kò kọ́ Faransé kún èyí tí mo mọ̀. Ìwé ìròyìn méjì ni mo ń kà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo ń jẹ́ iṣẹ́ wọn lórí ìwé, aago sì wà níwájú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi ṣe é, mo sì yege. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra, ẹ má gbójú lé ẹnu yíyọ̀ nìkan. Ẹ kọ́ bí a ti ń jẹ́ iṣẹ́.