Ẹ̀rọ Afinimọ̀nà Lórí Kẹ̀kẹ́: Láti Ìkàrẹ́ Dé Ọ̀kà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ní òde òní, ojú ọ̀run ni àwọn kan ń bi léèrè ọ̀nà. Ẹ̀rọ kékeré tí à ń pè ní GPS, tí kò ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè gbà lọ, ni ó ń bá wọn gbọ́ èsì.

Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ọdún 1973. Àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀, tí wọn kì í dín ní 24, ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi ìgbì rédíò sọ ibi tí òun wà àti àkókò tí òun ránṣẹ́. Ẹ̀rọ ọwọ́ yóò ṣírò bí iṣẹ́ náà ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà. Bí ó bá ti gbọ́ ti mẹ́rin, ó mọ ibi tí ó wà.

Ẹni tí yóò gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá dé Ọ̀kà ní láti mọ nǹkan mẹ́ta. Èkíní, orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni kí ó de ẹ̀rọ náà mọ́ pinpin, níbi tí yóò ti máa rí ojú ọ̀run. Bí àpáta ńlá bá dí i lójú, èsì rẹ̀ lè yẹ̀. Èkejì, ẹ̀rọ tí kò bá ní àwòrán ọ̀nà nínú, bí ẹyẹ ti ń fò ni ó ń wọn ọ̀nà. Ìlú orí òkè sì ni Ọ̀kà. Ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò ka gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí kọ̀rọ̀ ọ̀nà kún.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Ọ̀nà àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ni ọ̀nà yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ọ̀kan nínú wọn ya lu àwọn ènìyàn níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹni tí ó ń sáré 40 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá méjì péré wo ẹ̀rọ, ti rin mítà 22 láìwo iwájú. Nítorí náà, kí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó tó kà á.

Ẹ̀rọ mọ ibi tí ènìyàn wà. Kò mọ ohun tí ń bọ̀ láti orí òkè. Kí a bi ọ̀run léèrè, kí a sì tún bi onílé ẹ̀bá ọ̀nà.